Pa Á, Kí O Tún Un Tàn: Ìtàn Ìgbàgbé Nínú Ẹ̀rọ Íntánẹ́ẹ̀tì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu fún un. Mo júbà gbogbo àwọn tí wọ́n ti dúró ní ibi tí mo dúró sí yìí ṣáájú mi. Kí ọ̀rọ̀ mi ó yọrí.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnu ya àwọn kan nínú yín pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti pa ìtàn ẹ̀rọ. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà rárá. Iṣẹ́ àwa tí a ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ alohùn ni láti máa tọ ipasẹ̀ àwọn gbólóhùn kúkúrú tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ wọ́n. Ọ̀kan nínú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ti wọ gbogbo ilé wa láàárín ogún ọdún ó lé díẹ̀ sí àkókò yìí. Ọmọ ọdún méje ń sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ àgbà. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ń sọ ọ́ fún oníbàárà. Gbólóhùn náà ni: 'Ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn.'

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo fẹ́ bi gbólóhùn yìí lónìí. Èkínní, kí ni ó mú kí ó máa ṣiṣẹ́? Èkejì, ta ni ó gbé ọgbọ́n náà wọ inú ẹ̀rọ, nígbà wo sì ni? Ẹ̀kẹta, èyí tí ó kàn wá jù, ni pé nígbà wo ni kì í ṣiṣẹ́, kí ni a sì ń pàdánù nígbà tí a bá ń lò ó níbi tí kò yẹ? Èrò tí n ó gbé kalẹ̀ ni pé pípa àti títàn kì í ṣe idán, kì í sì í ṣe ọgbọ́n àwọn aláìmọ̀kan. Ìgbàgbé ni, ìgbàgbé tí àwọn olóye dìídì ṣètò sínú ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbàgbé sì ní ibi tí ó ti ń woni sàn, ó ní ibi tí ó ti ń pani lára.

Oníbodè inú ilé

Kí a tó mọ ìdí tí oògùn fi ń jẹ́, ó yẹ kí a mọ ara tí a ń lò ó fún. Ẹ̀rọ kékeré tí ó ní iná wẹ́wẹ́ lójú, tí a ń gbé ka orí tábìlì tàbí tí a ń gbé kọ́ ara ògiri, ni a ń pè ní ráútà. Bí mo ti wò ó lọ wò ó bọ̀, n kò rí ohun tí mo lè fi wé tí ó bá a mu ju oníbodè ayé àtijọ́ lọ. Ìlú olódi ní ẹnu ibodè. Oníbodè ni ó ń jókòó níbẹ̀. Ó mọ ẹni tí ó jáde, ó mọ ẹni tí ó wọlé, ó sì ń gba owó ibodè. Ẹnu ibodè ilé wa ni ráútà jókòó sí. Fóònù ìyá, kọ̀ǹpútà bàbá, tẹlifíṣọ̀n tí àwọn ọmọ ń wò, gbogbo wọn wà nínú odi. Íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú gbogbo ọjà àti ariwo rẹ̀, ni ó wà lẹ́yìn odi.

Ìnira kan wà nínú iṣẹ́ oníbodè yìí. Àdírẹ́ẹ̀sì tí a fi bẹ̀rẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.3 lọ, iye yìí kò sì tó fún gbogbo ẹ̀rọ ayé. Ní ọdún 1994, Kjeld Egevang àti Paul Francis gbé ìlànà kan jáde pé kí àwọn tí wọ́n wà nínú odi máa lo àdírẹ́ẹ̀sì àdáni, kí oníbodè sì máa pààrọ̀ rẹ̀ sí àdírẹ́ẹ̀sì ìta nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ń jáde. Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni a dúró tí odindi ilé fi ń lo àdírẹ́ẹ̀sì ìta kan ṣoṣo lónìí. Ṣáájú èyí, ní ọdún 1993, Ralph Droms ti kọ ìlànà mìíràn tí ó sọ àdírẹ́ẹ̀sì di ohun yíyá: a ń yá ẹ̀rọ ní àdírẹ́ẹ̀sì fún àkókò kan, bí àkókò náà bá sì pé, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tún un tọrọ.

Nítorí náà, oníbodè wa ní ìwé àkọsílẹ̀ méjì lọ́wọ́. Nínú èkínní ni ó ń kọ ẹni tí ó ránṣẹ́ jáde sí, kí èsì má baà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Nínú èkejì ni ó ń kọ ẹni tí ó yá ní àdírẹ́ẹ̀sì àti ọjọ́ tí yóò dá a padà. Bí ìwé bá kún àkúnya, bí oníbodè bá kọ nǹkan tí kò rántí pa rẹ́, tàbí bí ilé iṣẹ́ tí ó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì bá ti gba àdírẹ́ẹ̀sì tí ó yá a padà, tí òun ṣì di ti àtijọ́ mú, ọ̀rọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù. Iná ojú ẹ̀rọ ń tàn, ṣùgbọ́n ohunkóhun kò wọlé.

Ohun tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé ìrántí méjì ni ó wà nínú ráútà. Ọ̀kan ń gbé inú iná mànàmáná: bí iná bá kúrò, òun náà kúrò. Inú rẹ̀ ni àwọn ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ wà. Èkejì kò nílò iná. Ibẹ̀ ni ìlànà iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ kọ sínú ẹ̀rọ wà, ibẹ̀ náà sì ni orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tí onílé fún un wà. Nígbà tí a bá yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná, ìrántí àkọ́kọ́ pa rẹ́, ìkejì sì dúró. Nígbà tí a bá tún un tàn, oníbodè yóò jí, yóò yẹ ara rẹ̀ wò, yóò tọrọ àdírẹ́ẹ̀sì ní àkọ̀tun, yóò sì ṣí ìwé tuntun. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré.

Ìdí tí wọ́n fi ń sọ fún wa pé kí a dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí ọgbọ̀n kí a tó tún un tàn kò ṣòro. Ìkòkò tí a sọ̀ kalẹ̀ lórí iná kì í tutù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn ẹ̀yà kan nínú ẹ̀rọ ń di iná díẹ̀ mú lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà. Bí a bá kánjú, ìrántí àná lè má tíì pa rẹ́ tán.

Los Angeles, ọdún 1969

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá, ọdún 1969, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ Charley Kline jókòó nínú yàrá ìwádìí Leonard Kleinrock ní Yunifásítì California ní Los Angeles. Ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà wọn sí ti ilé ìwádìí Stanford, níbi tí Bill Duvall ti ń dúró dè é. Ọ̀rọ̀ náà ni LOGIN. Ó tẹ L, L dé. Ó tẹ O, O dé. Nígbà tí ó kan G, kọ̀ǹpútà ti Stanford dákú. Ó tó nǹkan bíi wákàtí kan kí wọ́n tó tún un ṣe, kí ọ̀rọ̀ náà tó lọ ní pípé. Àwa tí a ń fojú Yorùbá kàwé lè rẹ́rìn-ín díẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ó bí íntánẹ́ẹ̀tì súnmọ́ 'lọ', àmì ìsàlẹ̀ nìkan ni ó kù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé láti alẹ́ ọjọ́ kìíní ni dídákú àti títún bẹ̀rẹ̀ ti wà nínú ìtàn náà.

Láàárín kọ̀ǹpútà méjèèjì yìí ni àwọn ẹ̀rọ kan wà tí a lè pè ní baba ńlá ráútà. Ilé iṣẹ́ Bolt Beranek and Newman, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ni ó ṣe wọ́n, Frank Heart sì ni olórí àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà. Ara kọ̀ǹpútà Honeywell kan ni wọ́n ti ṣe é. Ó tóbi tó fíríìjì. Heart àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ronú sí ohun kan: a ó gbé ẹ̀rọ wọ̀nyí sí yunifásítì tí ó jìnnà síra, níbi tí kò ti ní sí ẹni tí yóò máa ṣọ́ wọn tọ̀sán tòru. Bí ọ̀kan bá dákú ní òru, ta ni yóò jí i?

Ìdáhùn wọn ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí mo ń sọ. Wọ́n ṣe é kí ẹ̀rọ náà máa tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bí iná bá lọ tí ó sì padà. Wọ́n fi aago kan sí i tí ó ń ṣọ́ ọ: ìlànà iṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa fọwọ́ kan aago náà lóòrèkóòrè láti fi hàn pé òun wà láàyè. Bí aago bá dúró títí tí kò rí ọwọ́, yóò gbà pé ẹ̀rọ ti ṣìnà, yóò sì mú un padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n tún ṣe é kí ẹ̀rọ tí ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ bá bàjẹ́ lè gba ẹ̀dà mìíràn lọ́wọ́ ẹ̀rọ tí ó wà ní àdúgbò rẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ ò rí i pé àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ yìí kò gbà pé àwọn lè ṣe ohun tí kì í ṣìnà. Wọ́n gbà pé yóò ṣìnà, wọ́n sì pèsè ọ̀nà àbọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ìgbàgbé tí a dìídì ṣètò ni.

Ọdún 1980: aládùúgbò tí kò gbàgbé

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí ni ó dé tí àtúntàn kì í fi í ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo? Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá, ọdún 1980, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí kan náà, tí a ń pè ní ARPANET, dùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Eric Rosen ni ó kọ àlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Àwọn ẹ̀rọ náà máa ń ránṣẹ́ sí ara wọn láti sọ bí ọ̀nà ti rí. Gbogbo iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kan bá rán ní nọ́ńbà, láti 0 títí dé 63. Bí ó bá dé 63, yóò padà sí 0. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ tuntun ni ẹ̀rọ yòókù yóò gbà, wọn yóò sì ju ti àtijọ́ nù. Nítorí pé òǹkà náà yí po bí òrùka, wọ́n fi òfin lé e pé èyí tí ó bá wà níwájú láàárín ìdajì òrùka ni tuntun. Ní ọjọ́ náà, ẹ̀rọ kan ní àbùkù nínú ìrántí rẹ̀, ó sì ń já ẹyọ àmì sílẹ̀ nínú nọ́ńbà. Bí iṣẹ́ mẹ́ta ṣe wà lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn, tí nọ́ńbà wọn jẹ́ 8, 40 àti 44. Ẹ bá mi kà á: 40 jẹ́ tuntun sí 8, 44 jẹ́ tuntun sí 40, ṣùgbọ́n bí a bá yí òrùka náà po, 8 tún jẹ́ tuntun sí 44. Kò sí àgbà, kò sí àbúrò. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń fi ọ̀kan lé èkejì, èkejì ń lé ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹta ń lé èkínní, wọ́n sì ń rán wọn kiri láìdúró títí tí kò fi sí àyè fún iṣẹ́ mìíràn.

Níhìn-ín ni àtúntàn ti kùnà. Bí a bá pa ẹ̀rọ kan tí a sì tún un tàn, yóò gbàgbé iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń jí báyìí ni aládùúgbò rẹ̀ yóò tún fi wọ́n lé e lọ́wọ́. Ìgbàgbé ẹnìkan kò lè wo àìsàn tí gbogbo àdúgbò ń rántí. Àfi ìgbà tí wọ́n tún ìlànà iṣẹ́ àwọn ẹ̀rọ náà ṣe kí wọ́n má ṣe ka iṣẹ́ tí ó bá ti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ alábùkù náà wá sí mọ́, ni ara nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó balẹ̀.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ náà tún gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, ọdún 1990, ẹ̀rọ tí ó ń darí ìpè tẹlifóònù ilé iṣẹ́ AT&T ní New York ní ìṣòro kékeré, ó sì tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣètò rẹ̀. Nígbà tí ó jí, ó ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ti dé. Àṣìṣe kan wà nínú ìlànà iṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sínú gbogbo wọn: bí iṣẹ́ méjì bá tẹ̀lé ara wọn kíákíá jù, ẹni tí ó gbà á yóò dàrú, òun náà yóò sì tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jí, yóò ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Báyìí ni ẹ̀rọ 114 ṣe ń dákú tí wọ́n ń jí fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́sàn-án. Oògùn ni ó di àrùn níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀tun ni ó ń mú àlàáfíà wá.

Dhahran, ọdún 1991: iye owó àìtúntàn

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀rọ̀ eré ni a ń sọ, ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan wá tí kì í ṣe ti ráútà, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ ẹbí rẹ̀. Nígbà ogun Ilẹ̀ Gulf, ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì, ọdún 1991, àdó olóró tí Ìráàkì jù bọ́ sí ibùgbé àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Dhahran, ní Saudi Arabia. Ènìyàn 28 ni ó kú. Ẹ̀rọ Patriot tí ó yẹ kí ó dáàbò bò wọ́n wà nítòsí, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò yìnbọn.

Ìwádìí fi hàn pé ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́ fún ohun tí ó ju 100 wákàtí lọ láìpa. Bí ó ti ń ka àkókò, ó ń gé ìdá kékeré kan sọnù nínú ìṣirò rẹ̀, èyí tí ojú ènìyàn kò lè rí. Ṣùgbọ́n kékeré lórí kékeré di púpọ̀: nígbà tí ó fi di ọjọ́ náà, àkókò rẹ̀ ti yẹ̀ ní nǹkan bíi ìdá 0.34 ìṣẹ́jú àáyá kan. Àdó náà ń sáré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ fi ń wá a níbi tí kò sí. Bí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ náà kí wọ́n tún un tàn, àṣìṣe àkókò ì bá padà sí òfo. Wọ́n ti kọ̀wé sí àwọn tí ń lò ó ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú pé bí ẹ̀rọ bá ṣiṣẹ́ pẹ́ jù, ó lè yẹ̀. Wọn kò sọ iye wákàtí tí ó ń jẹ́ 'pẹ́ jù'. Ìlànà iṣẹ́ tí a tún ṣe dé Dhahran ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì, ọjọ́ kejì ikú wọn.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú èyí, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, ni pé ẹ̀kọ́ tí kò ní àlàyé kò pé. 'Pa á, kí o tún un tàn' tó láti sọ nígbà tí ohun tí ó bàjẹ́ kò ju fíìmù tí a ń wò lọ. Níbi tí ẹ̀mí wà, ó yẹ kí ẹni tí a ń sọ fún mọ ìdí, kí ó sì mọ ìgbà.

Ọ̀tá inú ìrántí

Ní ọdún 2016, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Mirai bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ráútà àti kámẹ́rà inú ilé káàkiri ayé. Ẹnu ọ̀nà tí ó gbà wọlé ni páásíwọ́ọ̀dù tí ilé iṣẹ́ fi sínú ẹ̀rọ, tí onílé kò sì pààrọ̀. Inú ìrántí tí ń gbé inú iná ni kòkòrò yìí ń sá pamọ́ sí. Nítorí náà, bí a bá pa ẹ̀rọ, ó kú. Ṣùgbọ́n bí páásíwọ́ọ̀dù kò bá yí padà, yóò tún padà wọlé láìpẹ́. Ní òpin oṣù Kọkànlá ọdún náà, nǹkan bí 900,000 oníbàárà ilé iṣẹ́ Deutsche Telekom ní Jámánì ni íntánẹ́ẹ̀tì wọn dàrú nígbà tí irú kòkòrò yìí ń gbìyànjú láti wọ ráútà wọn. Ìmọ̀ràn tí ilé iṣẹ́ náà fún wọn ni èyí tí gbogbo wa mọ̀: ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ẹ tún un tàn, kí ó lè gba ìlànà iṣẹ́ tuntun tí a ti pèsè.

Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2018, ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Cisco kéde kòkòrò mìíràn, VPNFilter, tí ó ti wọ inú ẹ̀rọ tí kò dín ní 500,000 ní orílẹ̀-èdè 54, ó kéré tán. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, àwọn ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, FBI, rọ gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n tún ráútà wọn tàn. Gbólóhùn inú ilé di ìkéde ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ipele mẹ́ta ni kòkòrò náà ní. Àtúntàn ń pa ipele kejì àti ìkẹta rẹ́. Ipele kìíní ti kọ ara rẹ̀ sínú ìrántí tí kò nílò iná, nítorí náà ó ń la àtúntàn kọjá. Ẹni tí ó bá fẹ́ fà á tu tegbòtegbò gbọ́dọ̀ dá ẹ̀rọ padà sí bí ó ti rí nígbà tí ó kúrò ní ilé iṣẹ́, kí ó gba ìlànà iṣẹ́ tuntun, kí ó sì pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù. Ẹni tí ó gbọ́ gbólóhùn náà tí kò gbọ́ àlàyé rẹ̀ yóò rò pé ara òun ti yá.

Nílé tiwa

Ẹ jẹ́ kí a wá fi ọ̀rọ̀ náà bọ ìlẹ̀kùn tiwa. Ohun kan wà tí ó mú wa yàtọ̀ sí àwọn ará Los Angeles àti Jámánì. Ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ wa ni iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀ lójúmọ́. A ti pín NẸ́PÀ sí wẹ́wẹ́ tipẹ́, síbẹ̀ orúkọ náà kò kúrò lẹ́nu wa, ìdí rẹ̀ kò sì kúrò. Nínú ilé tí kò ní bátìrì tàbí ẹ̀rọ amúnáwá tí ń gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ráútà ń gbàgbé lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Èyí ní ìtumọ̀ pàtàkì. Bí iná bá ti lọ tí ó ti bọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, tí íntánẹ́ẹ̀tì kò sì padà, àtúntàn ẹlẹ́ẹ̀kẹrin kò ní ṣe ohun tí mẹ́ta ìṣáájú kò ṣe. Bí oògùn kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan.

Ewé tí ó kù lè wà ní òkèèrè. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, èyí tí à ń pè ní WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí etíkun Côte d'Ivoire. Báńkì kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa, íntánẹ́ẹ̀tì sì dàrú ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tiwa pẹ̀lú. Kò sí ráútà tí a lè pa ní Ìbàdàn tàbí ní Kútọnu tí yóò so wáyà tí ó já nínú ibú òkun. Ọkọ̀ ojú omi ni a fi ń wá irú wáyà bẹ́ẹ̀, a ó sì gbé e sókè kí a tó so ó.

Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn nígbà tí mo bá gbọ́ gbólóhùn wa yìí lẹ́nu àwọn tí ó yẹ kí wọ́n mọ̀ jù wá lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan fẹ́ gbèjà iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ níwájú olùyẹ̀wò tí ó wà ní òkè òkun, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọn yóò sì ti pàdé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ó fi ń pe ilé iṣẹ́ tí ó ń san owó fún. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ fún un pé: 'Ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn.' Ó ń pa á, ó ń tàn án. Wáyà ilé iṣẹ́ náà ni àwọn tí ń la ọ̀nà gbẹ́ já ní òpópónà, ilé iṣẹ́ sì mọ̀. Wọ́n sún ìgbèjà náà síwájú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Gbólóhùn tí àwọn baba ẹ̀rọ ṣe láti gba ènìyàn lọ́wọ́ wàhálà ti di ohun tí a fi ń lé oníbàárà kúrò lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ̀bi ilé iṣẹ́ sì ń di ẹ̀bi onílé.

Kí ni ó wá yẹ kí onílé ṣe? Kí ó kọ́kọ́ bi aládùúgbò tí ó ń lo ilé iṣẹ́ kan náà bóyá tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Bí ti gbogbo àdúgbò bá ti kú, kí ó fi ráútà sílẹ̀, kí ó pe ilé iṣẹ́. Bí tirẹ̀ nìkan bá ni, kí ó yọ wáyà, kí ó dúró díẹ̀, kí ó tún un tàn. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ méjì ni ó ní, kí ó kọ́kọ́ tan èyí tí wáyà ìta wọ inú rẹ̀, kí ó jẹ́ kí iná rẹ̀ dúró ṣinṣin kí ó tó tan èkejì. Bí àìsàn kan náà bá ń padà wá lójoojúmọ́, kí ó má ṣe fi àtúntàn bò ó mọ́lẹ̀. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ooru lè mú ẹ̀rọ náà jù níbi tí a gbé e sí, wáyà rẹ̀ lè ti gbó, ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ sì lè jẹ́ ti àtijọ́.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ráútà ni ihò kékeré kan wà, tí wọ́n kọ RESET sí lára. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀nà mìíràn láti tún ẹ̀rọ tàn ni. Rárá o. Ẹni tí ó bá fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò náà tí ó sì dì í mú ti pa ìrántí kejì rẹ́: orúkọ tí ó sọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀, páásíwọ́ọ̀dù, àti gbogbo ètò tí ilé iṣẹ́ fi sí i kí ó lè mọ ọ̀nà ìta. Páásíwọ́ọ̀dù ilé iṣẹ́, èyí tí Mirai mọ̀ bí ẹní mowó, lè tún padà síbẹ̀. Nítorí náà, a kì í tẹ̀ ẹ́ láìjẹ́ pé a ti kọ àwọn ètò náà sílẹ̀ lórí ìwé, a kì í sì í fi ẹ̀rọ sílẹ̀ lẹ́yìn náà láì pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù.

Èdè wa lè ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín. Mo dá a lábàá pé kí a máa pe pípa àti títàn ní àtúntàn, kí a pe títẹ ihò ní ìdápadà, kí a sì fi àtúnṣe sílẹ̀ fún wíwá ìdí àbùkù àti mímú un kúrò. Àtúntàn ń gbàgbé ọ̀rọ̀ àná. Ìdápadà ń gbàgbé ohun gbogbo tí onílé kọ́ ẹ̀rọ. Àtúnṣe kì í gbàgbé nǹkan kan. Ó ń rántí ni. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, ohun tí wọ́n ń wí ni pé ọmọ tí ó bá gbọ́ ìdí nǹkan ní èdè ìyá rẹ̀ yóò lóye rẹ̀. Ráútà kò sí nílé ẹnikẹ́ni nígbà náà. Ẹ̀kọ́ náà kò tíì gbó.

Àgbálọgbábọ̀

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé gbólóhùn kékeré tí a ń sọ lójoojúmọ́ ní ìtàn lẹ́yìn. Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ní 1969 mọ̀ pé yóò ṣìnà, wọ́n sì fún un ní agbára láti gbàgbé. Ọdún 1980 kọ́ wa pé ìgbàgbé kò tó níbi tí aládùúgbò bá ń rántí àṣìṣe. Ọdún 1990 kọ́ wa pé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀tun fúnra rẹ̀ lè ràn bí àrùn. Ọdún 1991 kọ́ wa pé ẹ̀mí lè bọ́ sínú àlàfo tí ó wà láàárín ìmọ̀ràn àti àlàyé rẹ̀. Ọdún 2018 kọ́ wa pé ọ̀tá lè kọ́ ilé sí ibi tí ìgbàgbé kò dé.

Ẹ̀rọ ni ó yẹ kí ó máa gbàgbé. Ọ̀ràn tiwa yàtọ̀. Bí ilé iṣẹ́ bá ní kí a pa á kí a tún un tàn, ẹ jẹ́ kí a ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí a sì béèrè lẹ́ẹ̀kejì pé kí ni ó ṣe é. Kí a kọ ọjọ́ sílẹ̀, kí a kọ wákàtí, kí a kọ èsì tí wọ́n fún wa. Ẹni tí ó ní àkọsílẹ̀ ni ó lè gba ẹ̀tọ́ rẹ̀.